Títo Orin Mímọ́ fún Ẹgbẹ́ Akọrin àti Ohun Èlò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Akọrin Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún ọ̀gá akọrin, atẹdùùrù àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé orin lé lọ́wọ́ pé kó tò ó fún kúáyà, yálà ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán, Ìgbàjà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo. A gbà pé ẹ mọ sólífá (d r m f s l t) dáadáa. Ẹni tó mọ nóòtì orí ìlà márùn-ún pẹ̀lú yóò rí ohun púpọ̀ sí i mú lò.

Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ká tó kọ nóòtì kankan?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á sókè bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbà á sórí fóònù. Ibi tí ohùn bá ti gòkè, orin gbọ́dọ̀ gòkè níbẹ̀. Ibi tó bá ti wálẹ̀, orin gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Níbi tí ohùn méjì bá ti dọ́gba, ẹ ní òmìnira díẹ̀: orin lè dúró síbì kan, ó sì lè rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí rárá. Ẹ wo "ẹ̀jẹ̀ Jésù". Bí orin bá gbé ìró kejì sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, "ẹ̀jẹ́ Jésù" ni ìjọ gbọ́, ohun tí ẹ sì ń kọ lórí tábìlì Olúwa ti di nǹkan mìíràn. Kò sí kọ́ọ̀dù dáradára tó lè tún un ṣe.

Ẹ tún ka iye ìró bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. "Ẹ fi ọpẹ́ fún Olúwa" máa ń di "Ẹ fọpẹ́ f'Ólúwa" lẹ́nu akọrin. Ẹni tó bá pèsè nóòtì fún gbogbo fáwẹ́lì inú ìwé yóò rí i pé nóòtì ṣẹ́kù lọ́wọ́ òun. Ní ìdà kejì, "ń" tó dá dúró ní nóòtì tirẹ̀: "ó ń bọ̀" gba mẹ́ta, "ńlá" gba méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há ìró méjì mọ́ orí nóòtì kan, tí àwọn akọrin á wá máa jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ṣé ẹ lè fi gbólóhùn kan hàn wá bó ṣe ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹsẹ kìíní Sáàmù 23: "Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi." Ìró mọ́kànlá ni. Ohùn wọn lọ báyìí: àárín, òkè, àárín (Olúwa), àárín (ni), àárín, ìsàlẹ̀, òkè (olùṣọ́), ìsàlẹ̀ mẹ́ta (àgùntàn), àárín (mi).

Sópránò lè kọ ọ́ báyìí (₁ lẹ́yìn lẹ́tà fi hàn pé nóòtì náà wà ní ìpele ìsàlẹ̀):

m s m | m | m d s | r d l₁ | d

Ẹ wò ó pé ìsàlẹ̀ mẹ́ta inú "àgùntàn" ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, r d l₁. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ẹni tó ń sọ Yorùbá ṣe máa ń rọra wálẹ̀ bí gbólóhùn bá ti ń parí lọ. "Mi" wá gòkè díẹ̀ sí d, nítorí ohùn àárín ló ní. Bí ẹ bá fi s₁ parí rẹ̀, gbólóhùn náà á dàbí ohun tó já bọ́.

Áltò:

d m d | d | d l₁ m | l₁ s₁ m₁ | s₁

Ó ń bá sópránò rìn láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè níbi tí sópránò ti ń gòkè, ó sì ń wálẹ̀ níbi tí sópránò ti ń wálẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ẹni tó kọ́ orin ní ìlànà àwọn òyìnbó lè sọ pé àwọn ohùn kò yẹ kí wọ́n máa rìn pọ̀ ní ìlà kan náà báyìí. Fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, tiwa ni pé kí wọ́n máa rìn pọ̀.

Báàsì kò nílò láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní "Olúwa" nìkan, d m d, kí ó fa d ìkẹyìn gùn títí tí àwọn tòkè á fi parí. Tẹ́nọ̀ lè bá báàsì sọ "Olúwa" kan náà lórí s l s, lókè rẹ̀. Bí Doh (d) bá jẹ́ F, nóòtì tó wálẹ̀ jù fún áltò níhìn-ín ni A tó wà nísàlẹ̀ C àárín, tó ga jù fún sópránò sì ni C òkè. Gbogbo kúáyà ló lè kọ ọ́ láìjanpata.

Ẹsẹ kìíní bá orin mu, ẹsẹ kejì kò bá a mu. Kí ni ká ṣe?

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn, torí pé ẹsẹ méjì kì í sábà ní ohùn kan náà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè yí nóòtì díẹ̀ padà nínú ẹsẹ kejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ dípò kí ẹ fi ẹsẹ méjèèjì sábẹ́ ìlà kan. Ẹ lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún òmíràn tó ní ìtumọ̀ kan náà ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ bá orin mu. Tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ fún adákọrin, tó lè tẹ orin bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ́, kí gbogbo kúáyà máa gba ègbè tí kì í yí padà. Èyí ìkẹta la fẹ́ràn jù, torí bí orin ìbílẹ̀ wa ṣe rí náà nìyẹn: ẹnì kan lé, àwọn yòókù gbè.

Àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé ká tún ohùn wọn ṣe?

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin àwọn òyìnbó, ohùn ọ̀rọ̀ kò sì jẹ wọ́n lógún púpọ̀. Àwọn bíi J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) àti T. K. E. Phillips (1884–1969), tó tẹ dùùrù fún Kàtídírà Áńgílíkà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó gbé orin tó bá ohùn èdè wa mu wọ inú ìjọ.

Síbẹ̀, orin tí àwọn ìyá àgbà ti mọ̀ láti kékeré, ẹ má fọwọ́ kan ohùn rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọn kò ní bá yín kọ ọ́. Ẹ fi ohùn náà sílẹ̀ fún ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dára gan-an, ẹ kọ ohùn tuntun fún un, kí kúáyà kọ ọ́ bí orin àkànṣe.

Kíì (ìró tí Doh orin dúró lé) wo ló dára jù?

Ẹ wo nóòtì tó ga jù nínú orin náà kí ẹ tó dáhùn. Bí ìjọ yóò bá kọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá D tó tẹ̀lé C òkè. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, C gan-an ti tó. Fún kúáyà tí kò gba ẹ̀kọ́ ohùn, sópránò lè rìn láti C àárín dé G òkè, ṣùgbọ́n kí ó má dúró pẹ́ lórí G. Áltò: láti G tó wà nísàlẹ̀ C àárín dé C òkè. Tẹ́nọ̀: láti C tó wà ní ìpele kan sísàlẹ̀ C àárín dé F tàbí G tó wà lókè C àárín. Báàsì: láti G ìsàlẹ̀ dé C àárín.

Lẹ́yìn náà kí ẹ ro ti àwọn afùnpè. Fèrè tí wọ́n ń pè ní B♭, bíi trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kílárínẹ́ẹ̀tì àti sásófóònù tẹ́nọ̀, máa ń dún ní ìró kan odindi sísàlẹ̀ ohun tí a kọ fún un (ti sásófóònù tẹ́nọ̀ tún fi ìpele kan wálẹ̀ sí i). Sásófóònù áltò jẹ́ ti E♭. Trọ́ńbóònù ń ka ohun tó ń dún gan-an. Bí orin bá wà ní F, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì á ka G, sásófóònù áltò á ka D. Bó bá wà ní E♭, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì á ka F, áltò á ka C, ó rọrùn fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan G, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì bọ́ sí A pẹ̀lú ṣáàpù mẹ́ta, áltò bọ́ sí E pẹ̀lú mẹ́rin, ẹ ó sì gbọ́ àṣìṣe tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. F, B♭, E♭ àti A♭ ni kíì tó yẹ kúáyà tó ní afùnpè.

Atẹdùùrù wa ń tẹ gbogbo nǹkan ní C, ó wá ń fi bọ́tìnì sún un sí kíì mìíràn. Ṣé ó burú?

Bí òun nìkan ló ń bá kúáyà lọ, kò burú. Bí afùnpè àti onígìtá báàsì bá wà níbẹ̀, wàhálà wà. Afùnpè á bi í pé "Kíì wo?", á ní C, bẹ́ẹ̀ F ló ń dún síta. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé kíì tó ń dún síta nìkan ni ẹnu máa ń dá.

Èyí tó burú jù ni ti iná. Bí iná bá lọ, tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń padà sí òdo nígbà tó bá tún tàn. Atẹdùùrù á fọwọ́ lé C rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, C gan-an ló sì máa dún, nígbà tí kúáyà ṣì wà ní F. Kí ó wo ojú kíbọ́ọ̀dù kó tó tẹ nóòtì kankan. Ohun tó sàn jù ni kó kọ́ F, B♭ àti E♭ ní ọwọ́ lásán, kí a gbàgbé bọ́tìnì náà.

Báwo la ṣe ń tò ó tí orin kò fi ní dúró bí iná bá lọ?

Ẹ rí i dájú pé ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé láìsí kíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan máa ń fi báàsì gidi fún kíbọ́ọ̀dù, kí báàsì èèyàn wá máa kọ ohun tí tẹ́nọ̀ ń kọ. Ọjọ́ tí iná bá lọ, orin náà á di òfìfo nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú pátì trọ́ńbóònù pé bí iná bá lọ, kó bọ́ sórí ìlà báàsì. Agogo àti omele kò gbọ́dọ̀ dúró. Kí ẹ sì máa fi ìdánrawò kan lọ́sẹ̀ ṣe é láìsí iná rárá.

Àwọn wo la nílò nínú ìlù wa, báwo la sì ṣe ń kọ tiwọn?

Fún akọrin tó tó 25 sí 30: gángan tàbí ìyá ìlù kan, omele kan, agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan. Ó tó. Bí dírọ́ọ̀mù ńlá bá tún wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń lù ú fi símbà sílẹ̀ nínú ẹsẹ, torí símbà ló máa ń gba àwọn kọ́ńsónáǹtì lẹ́nu akọrin.

Gbogbo rẹ̀ dá lórí agogo. Bí orin bá jẹ́ ti kónkóló (ìlù agogo ìbílẹ̀ wa), ẹ ka méjìlá kíákíá nínú báà kan (ìpín ìkà orin kan), kí agogo bọ́ sórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Kúáyà á máa tẹ ẹsẹ̀ lórí 1, 4, 7 àti 10. Ibi tí ó ti máa ń dàrú ni pé atẹdùùrù á tan ìlù inú kíbọ́ọ̀dù tó ń ka mẹ́rin, mẹ́rin. Ìlù ẹ̀rọ á pín ìkà kọ̀ọ̀kan sí méjì, agogo á pín in sí mẹ́ta, àwọn akọrin á wà láàárín, wọn kò ní mọ ti ẹni tí wọn ó tẹ̀ lé. Ẹ pa ìlù ẹ̀rọ náà.

Gángan kò ní kíì kan pàtó, ṣùgbọ́n kí onílù wá ohùn tí ìlù rẹ̀ ń ní nígbà tí kò fún awọ rárá, kó jẹ́ kí ó sún mọ́ d tàbí s₁ orin náà. Á mú kí etí gbà á. Ọ̀rọ̀ tí gángan ń sọ ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Kí ó má sọ nǹkan mìíràn nígbà tí adákọrin ń lé ẹsẹ. Ẹ fún un ní báà mẹ́rin láàárín ẹsẹ méjì, kí ó fi ìlù sọ gbólóhùn tí kúáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Bí ẹ bá ti tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ìlù sọ àti ohun tí kúáyà kọ á jọra débi pé ìjọ á gbè é fúnra wọn. Níbẹ̀ ni títo orin mímọ́ Yorùbá ti dùn jù lójú tiwa.

Ní àkókò òjò, awọ máa ń dẹ̀. Ẹ sá ìlù sóòrùn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọyẹ́, awọ máa ń gan, ohùn rẹ̀ á sì gòkè ju bí onílù ṣe fi í sílẹ̀ lálẹ́ lọ, nítorí náà kó tún un wò láàárọ̀.

Kí ló dé tí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kì í bá kíbọ́ọ̀dù dọ́gba ní ìsìn Kérésìmesì?

Ọyẹ́ ni. Fèrè tó bá tutù máa ń wálẹ̀. Bó bá ti gbóná tán, á gòkè. Kíbọ́ọ̀dù kì í yẹ̀ lójú ibi tó wà. Ẹni tó bá tún fèrè rẹ̀ ṣe ní agogo mẹ́fà àárọ̀ láìkọ́kọ́ fun ún kó gbóná, tó wá ti gọ̀ǹgọ̀ rẹ̀ wọlé kó lè ga, á ti ga ju kíbọ́ọ̀dù lọ kí orin kejì tó parí. Kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fun un jẹ́jẹ́ kó tó gba nóòtì A láti fi tún fèrè ṣe, kó sì tún gbà á lẹ́yìn ìwàásù, torí fèrè ti tutù padà nígbà náà.

Fèrè ń bo kúáyà mọ́lẹ̀. Ṣé ká dín wọn kù ni?

Ẹ má dín wọn kù, ẹ dín ohun tí ẹ kọ fún wọn kù. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì tó ń fun ohùn sópránò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á bo 25 akọrin, ètè àwọn afùnpè náà á sì ti rẹ̀ kí ẹsẹ kẹta tó dé. Ẹ fún wọn ní báà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dákẹ́ nínú ẹsẹ kìíní, kí wọ́n dá kúáyà lóhùn ní òpin ìlà níbi tí àwọn akọrin ti ń mí, kí wọ́n sì wọlé tán nínú ẹsẹ ìkẹyìn. Nínú ẹsẹ ìkẹyìn yẹn, kí gbogbo kúáyà àti ìjọ kọ ohùn kan ṣoṣo, kí sópránò mẹ́rin tàbí márùn-ún péré máa kọ ohùn òkè àfikún lórí "Halelúyà". Ẹ má fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí ohùn òkè yẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.

Ọkùnrin wa kò tó nǹkan. Ṣé dandan ni ohùn mẹ́rin?

Rárá. Ohùn mẹ́ta tó dúró dáadáa sàn ju mẹ́rin tí tẹ́nọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó ń pariwo. Ẹ kọ sópránò, áltò àti ọkùnrin, kí ìlà ọkùnrin wà láàárín B♭ ìsàlẹ̀ àti D tó tẹ̀lé C àárín, tí tẹ́nọ̀ àti báàsì jọ lè kọ. Fún kúáyà 30 tó ní ohùn mẹ́rin, sópránò 9, áltò 8, tẹ́nọ̀ 6 àti báàsì 7 jẹ́ ìpín tó ń dún dáadáa.

Kí ló ń mú kúáyà wálẹ̀ láàárín orin?

Nóòtì kan náà tí wọ́n ń pè léra wọn láìmí dáadáa, àti m tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí d tí wọ́n ń já bọ́ sí dípò kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ kọ ibi mímí sínú ìwé. Bí kò bá sí ohun èlò kankan nínú orin náà, ẹ gbìyànjú láti gbé kíì fi ààbọ̀ ìró gòkè; ọ̀pọ̀ kúáyà tó ń wálẹ̀ ní F máa ń dúró ṣinṣin ní G♭.

Ṣé a lè kọ orin ní ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà?

Ẹ kọ ọ́, inú wa á dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn Yorùbá inú ìwé kà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fi èdè náà tọ́ kà á sórí fóònù fún yín, kí ẹ sì tò ó láti orí ohùn yẹn.

Nínú ìjọ Kátólíìkì, ṣé ohun èlò lè dún bó ṣe wù ú ní àkókò Lẹ́ńtì?

Rárá. Ìlànà Máàsì ni pé láti fi gbé orin ró nìkan ni a lè lo ohun èlò nígbà náà, àyàfi ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Lẹ́ńtì àti àwọn àjọ̀dún ńlá. Nítorí náà, báà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti àárín ẹsẹ á kúrò, Glóríà àti Halelúyà náà á sì sinmi. Ó yẹ kí ẹ ní ẹ̀dà orin kan tí kò ní ohun èlò nípamọ́.

Báwo ni ká ṣe tẹ̀ ẹ́, báwo ni ká sì ṣe kọ́ ọ?

MuseScore jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń yí kíì fún fèrè B♭ àti E♭ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ pátì afùnpè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ kọ sólífá fún akọrin, kí ẹ kọ "Doh = F" sókè. Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo báà. Láìsí i, ìdajì ìdánrawò ni ẹ ó fi máa wá ibi tí ẹ wà. Kí ojú ewé yí níbi tí ẹni náà ti dákẹ́.

Ẹ fún orin tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rọ̀ nìkan: kí wọ́n kà á, kí wọ́n kà á ní ìlù. Lẹ́yìn náà, áltò àti tẹ́nọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sópránò, ohùn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn létí, áltò á sì máa sá lọ bá a. Ẹ fi ohùn kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́tọ̀. Ohun èlò kò gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Ṣé a lè to orin ẹlòmíràn láìgba àṣẹ?

Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ olórin ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Bí olórin bá kú ní 1930, orin rẹ̀ ti bọ́. Ti ẹni tó kú ní 1969 ṣì wà títí ìparí 2039. Ẹ ṣọ́ra: ohùn orin lè ti dàgbà, kí ìtò rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ṣì wà láyé. Bí ẹ bá rí ìtò tó wù yín lọ́wọ́ kúáyà mìíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tò ó, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.